Bẹ́líìtì Kan Ṣoṣo: Àgbéyẹ̀wò Títún Éésì àti Sítíárìn Ọkọ̀ Akẹ́rù Ṣe Fúnra Ẹni

Àárín Ìbàdàn sí Ṣàgámù ni mo wà lọ́jọ́ náà. Àpò gààrí kún ẹ̀yìn Hilux wa, oòrùn ọ̀sán sì ti mú. Bí mo ṣe fẹ́ yà fún kòtò kan ni sítíárìn le lójijì, àfi bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú lábẹ́. Iná bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí mi lójú sì di gbígbóná. Mo fi tipátipá yí ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ kan ṣàánú mi, ó dúró. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí, ó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ éésì ti kú, páńpù sítíárìn náà ti kú, kí n lọ wá owó. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bẹ́líìtì la bá níbẹ̀, ó ti já, ó sì ti wé mọ́ páńpù. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀, kò sí ohun tó ṣe páńpù. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí àwọn méjèèjì, tó tún ń yí páńpù omi àti ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, òun ló já.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti fi mí lọ́kàn sílẹ̀. Ibo ni ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ lè dé nínú títún éésì àti sítíárìn ṣe, ibo ló sì yẹ kó ti gbé sípánà sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ awo ni, kí a gbé ọkọ̀ fún oníṣẹ́ éésì àti mẹ́káníìkì, kí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí a máa retí iye tí wọ́n máa pè. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tún pikọ́ọ̀pù wọn ṣe níwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé, ní kò sí ohun tí sípánà tú tí èèyàn kò lè dì padà. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ máa ń yá oníbàárà ní géèjì àti páńpù tó ń fa atẹ́gùn jáde. Oníbàárà á fi owó dúró, bó bá ti dá irinṣẹ́ padà, á gba owó rẹ̀.

Lójú tèmi, apá méjèèjì ló fa ààlà sí ibi tí kò yẹ. Nínú sítíárìn tó ń lo ọ́ìlì, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nínú éésì, ààlà wà níbi tí a ti fẹ́ tú páìpù tó gbé gáàsì. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ lè yẹ̀ wò kó sì tún ṣe pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni owó wa ti ń ṣòfò jù.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló bí ìtàn sítíárìn alágbára. Francis W. Davis jẹ́ ẹnjiníà ní ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow ní Amẹ́ríkà, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn awakọ̀ ṣe ń bá sítíárìn jà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń dá ṣe, nígbà tó fi máa di ọdún 1926, ó ti ní ọkọ̀ kan tí ọ́ìlì ń bá awakọ̀ yí sítíárìn rẹ̀. Owó ohun èlò náà ba àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́rù. Inú ọkọ̀ ogun ló ti rí iṣẹ́ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kó tó di pé Chrysler bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ará ìlú ní 1951. Ní ti éésì, Packard ló kọ́kọ́ gbé e sínú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, fún ọkọ̀ ọdún 1940. Éésì yẹn kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so kọ̀mpírẹ́sọ̀ mọ́ bẹ́líìtì tó sì ń tú u sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá fẹ́ pa á, ó ní láti dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó fi ọwọ́ yọ bẹ́líìtì kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ bẹ́líìtì.

Nítorí náà, bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yín. Bó bá ti sán wẹ́wẹ́, tí ìlà inú rẹ̀ ti ń ṣí, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bó bá lómi ọ́ìlì lára, ẹ wo òkè rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ́ìlì sítíárìn tó ń kán sórí bẹ́líìtì máa ń mú un yọ̀, tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ kò fi ní yí dáadáa, tí a ó sì máa pe oníṣẹ́ éésì fún ohun tí sítíárìn fà. Igbe tí ọkọ̀ ń ké láàárọ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, bẹ́líìtì tó ń yọ̀ ló sábà máa ń ké bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà kí ẹ tó yọ ọ́. Tó bá ti kúrò, ẹ fi ọwọ́ yí pọ́lì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń kùn, tàbí tó ń mì tìtì, bíárìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ rà, kì í ṣe odidi ẹ̀rọ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ní bẹ́líìtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ ńláńlá bíi Mack àti DAF, eyín irin ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń yí páńpù sítíárìn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bí éésì àti sítíárìn wọn bá dà rú pọ̀, ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí sítíárìn díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹni tó ń dá ṣe ti máa ń jèrè jù. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé sítíárìn kì í mu ọ́ìlì. Ìkòkò rẹ̀, páńpù, páìpù àti ráàkì jẹ́ ilé kan tó pa dé. Bí ọ́ìlì bá dín kù, ó jò síbì kan ni. Ẹni tó ń bù ú sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìwá ibi tó ń jò kàn ń ra ọ́ìlì fún ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ìkòkò náà. Dexron II tàbí III ni ọ̀pọ̀ Toyota ń lò, ọ́ìlì pupa tí a mọ̀ sí ti gíà ọ̀tòmátíìkì. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì sì ń lo aláwọ̀ ewé. Èyí tí mo bẹ yín pé kí ẹ má dán wò láé ni ọ́ìlì bíréèkì: á mú rọ́bà inú páńpù àti ráàkì wú, á sì bà wọ́n jẹ́ tán pátápátá.

Bí sítíárìn bá ń kùn bí kòkòrò tó há sínú agolo, tí ọ́ìlì inú ìkòkò sì ń hó bí ọṣẹ, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí àṣìṣe tó gbówó lórí jù. Asẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìkòkò ọ́ìlì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tí ìdọ̀tí bá dí i, páńpù kò ní rí ọ́ìlì mu tó, á máa pariwo. Mẹ́káníìkì á ní páńpù ti kú, a ó lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, a ó so ó mọ́ ìkòkò kan náà pẹ̀lú asẹ́ tó dí, kò sì ní pẹ́ tí èyí tí a rà náà yóò máa kùn. Ohun kan náà ni rọ́bà roboto kékeré ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì wọ páńpù máa ń ṣe. Tó bá ti gbẹ, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé láìsí pé ọ́ìlì kán sílẹ̀ rárá. Rọ́bà yẹn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ṣe asẹ́ àti rọ́bà yìí tán kí ẹ tó gbọ́ orúkọ páńpù lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Yíyọ atẹ́gùn kúrò kò nílò irinṣẹ́ pàtàkì. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ fi òpó irin tó dúró ṣinṣin sábẹ́ rẹ̀ (ẹ má fi ara yín sábẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan). Kí ẹ́ńjìnnì má ṣiṣẹ́. Ẹ yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, ó lè tó ogún ìgbà, kí ẹnì kan máa bu ọ́ìlì sí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ìhó bá dá ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí i ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ sí i. Kí ẹ má ṣe di sítíárìn mú ní òpin ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, nítorí ibẹ̀ ni agbára páńpù ti ń ga jù, tí ọ́ìlì sì ń gbóná.

Agbára yẹn ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Nínú páìpù tó ń ti páńpù lọ sí ráàkì, ó máa ń lé ní 1,000 psi. Bí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ́ìlì tó ń tú jáde lè gún awọ ara wọlé. Ojú ibẹ̀ á dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gúnni, kì í sì í kọ́kọ́ dùnni púpọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè torí rẹ̀ pàdánù ìka tàbí ọwọ́. Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ọwọ́, bó bá sì gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nítorí agbára yìí kan náà ni n kò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń fi kílíìpù di páìpù yẹn. Páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sí ìkòkò lè gba kílíìpù, nítorí agbára ibẹ̀ kéré. Èyí tó ń lọ, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹnu họ́ọ̀sì katapílà ni kí ẹ gbé e fún. Bí ráàkì fúnra rẹ̀ bá ń jò, ọ́ìlì á kóra jọ sínú rọ́bà tó bo orí rẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà náà, ẹ ó mọ̀. Yíyí ráàkì padà ṣeé ṣe nílé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe aláímẹ́ǹtì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á jẹ lọ́jọ́ díẹ̀. Oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dí jíjò, rọ́bà ló ń mú wú. Ó lè gbé yín délé, kò lè gbé yín lọ́dún.

Ti sítíárìn oníná kò gùn. Ford F-150 bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọkọ̀ ọdún 2011, ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù tuntun ló sì ń tẹ̀ lé e. Kò sí ọ́ìlì, kò sí páńpù, kò sí bẹ́líìtì. Bátìrì àti ẹnu wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò, ìyókù di ti ẹni tó ní kọ̀ǹpútà.

Éésì wá ńkọ́? Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ooru láti inú ọkọ̀ jáde síta. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á tẹ gáàsì títí á fi gbóná. Gáàsì á lọ sí kọ̀ńdẹ́ńsà níwájú rédíétọ̀, á tú ooru rẹ̀ dànù síbẹ̀, á sì di olómi. Omi gáàsì yẹn á gba ihò tóóró kan kọjá sínú ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára tó tẹ̀ ẹ́ á lọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bó sì ṣe ń hó ló ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Gáàsì R-134a tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa máa ń hó ní nǹkan bíi 26 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius bí kò bá sí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè jó awọ ara bí yìnyín, tó sì lè fọ́ ojú. Gíláàsì ojú kì í ṣe fáàrí nínú iṣẹ́ yìí.

Bí éésì kò bá tutù, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé gáàsì ti tán. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Ṣé atẹ́gùn ń jáde dáadáa? Bí kò bá le, ẹ yọ fílítà tó wà lẹ́yìn pígíọ́núhóòlù, ẹ lè bá eruku ọ̀yẹ́ ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ṣé ó ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó sì ń gbóná nínú gósílóò? Fáànù kò yí ni, tàbí eruku àti ìyẹ́ kòkòrò ti dí ojú kọ̀ńdẹ́ńsà. Omi tí kò le ju ti ẹnu rọ́bà lásán lọ, tí ẹ dà láti ẹ̀yìn wá síwájú, máa ń ṣe ohun tí owó gáàsì kò lè ṣe. Ṣé kò tutù rárá? Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bọ́tìnì éésì, ẹ fetí sílẹ̀: kílọ́ọ̀ṣì kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ dún "kọ́" kan. Bí kò bá dún, ẹ wo fíúùsì. Ẹ yọ rìlée rẹ̀, kí ẹ fi ti họ́ọ̀nù pààrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá jọra. Nínú ọkọ̀ ńlá, ẹ rántí pé Mack ti Amẹ́ríkà ń lo iná 12 folti, àmọ́ DAF àti MAN ń lo 24. Kílọ́ọ̀ṣì 12 tí wọ́n bá so mọ́ 24 kò ní pẹ́ jóná.

Ìṣòro kan wà tó máa ń dùn mí bí mo bá rántí iye kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí a ti jù dànù nítorí rẹ̀. Éésì á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á sì kọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé àlàfo iwájú kílọ́ọ̀ṣì ti fẹ̀ jù. Ìdajì mìlímítà tàbí kó dín díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Bí irin bá ti jẹ, tí àlàfo sì fẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná kò ní lágbára tó láti fà á mọ́ra. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kan iwájú rẹ̀, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ irin pẹlẹbẹ kan kúrò, ẹ dì í padà. Kò sí gáàsì tó jáde, kò sí páìpù tí ẹ tú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí a tó sọ̀rọ̀ gáàsì. Gáàsì kì í gbó, kì í sì í jóná. Ìwọ̀nba ló ń sá gba ara rọ́bà láàárín ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá rọ ọ́ lóṣù yìí tó sì tán lóṣù mẹ́ta, ó ń jò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí gáàsì ṣe ń jò ni ọ́ìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń bá a jáde, ìdí nìyẹn tí ibi tó ń jò fi máa ń lẹ̀ mọ́ eruku dúdú. Ẹ fi omi ọṣẹ kan ojúkò páìpù àti ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì. Ojú géèjì náà kì í ṣe ohun tí a rò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ní ooru ìwọ̀n 30, R-134a á máa fi nǹkan bíi 97 psi hàn, yálà ó kún tàbí ó ku ìdajì, níwọ̀n ìgbà tí olómi bá ṣì wà nínú rẹ̀. Géèjì á sọ fún yín bí ilé gáàsì náà bá ṣófo, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye tó wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n oníkílò nìkan ló lè sọ ọ́, àwọn oníṣẹ́ tó sì ní i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa kò pọ̀. Gáàsì tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kó tutù, gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù.

Ibi tí ààlà wà nìyí. Bí ẹ bá ti tú páìpù, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti wọlé. Ọ̀rinrin yẹn á bá gáàsì àti ọ́ìlì di ásíìdì, á sì máa jẹ irin láti inú. Àfi kí ẹ pààrọ̀ dúráyà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kí ẹ fi páńpù fa atẹ́gùn inú ilé náà jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì dúró wò ó bóyá ojú géèjì á padà gòkè kí ẹ tó rọ gáàsì. Ẹni tí kò ní páńpù, géèjì àti òṣùwọ̀n, kó má tú u. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tí fọ́kànásà fi ń fẹ́ táyà dán jíjò wò ń fi ẹ̀mí ṣeré: R-134a tó pò mọ́ atẹ́gùn lábẹ́ agbára lè gbaná. Náítírójìn la fi ń ṣe é. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá sì fọ́, tí ọ́ìlì ẹnu páìpù ń tàn yanranyanran bí ọ̀dà fàdákà, eérú irin ti wọ kọ̀ńdẹ́ńsà. Àwọn ihò kọ̀ńdẹ́ńsà òde òní kéré débi pé fífọ̀ kò lè mọ́ wọn. Kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ máa retí ikú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kejì.

Gáàsì fúnra rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ọdún 2011, kọ̀ǹténà tó ń mú ẹrù tutù bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, ó sì pa òṣìṣẹ́. Gáàsì ayédèrú tí wọ́n pè ní R-134a, tí methyl chloride wà nínú rẹ̀, ni wọ́n rí pé ó fà á. Kẹ́míkà yẹn máa ń bá alumíníọ́ọ̀mù jà, ó sì máa ń bí ohun mìíràn tó ń gbaná gẹ́lẹ́ tó bá kan atẹ́gùn. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀ wa náà. Ẹ ra gáàsì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà tọ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sùkúrúdáfà tẹ ẹnu páìpù kó tú gáàsì àtijọ́ sójú ọ̀run. Nítorí ohun tí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí òfuurufú ni ayé fi jókòó ní Montreal ní 1987 tí R-12, gáàsì éésì àtijọ́, fi kúrò nílẹ̀. R-134a tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba òsóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ayé gbóná ju káríbọ̀n dáyọ́ksáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Ní Amẹ́ríkà, títú u sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Láti ọdún 2018, agolo kékeré tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó ń pa ara rẹ̀ dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, R-1234yf ló wà báyìí, ó sì lè gbaná díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da àwọn méjèèjì pọ̀.

Mo ti gba àwọn onípikọ́ọ̀pù mẹ́rin ní àdúgbò wa níyànjú pé kí wọ́n dá àjọ, kí wọ́n ra páńpù kan, géèjì kan, àti òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù. Owó gáàsì tí wọ́n ń rọ dànù lọ́dún kan tó bẹ́ẹ̀ láti san án. Ohun tó kù tí wọ́n nílò wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìwé pélébé kan tó sọ irú gáàsì àti iye gíráàmù tí ọkọ̀ náà ń gbà. Nínú tòkunbọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé yẹn lè jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Nínú èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ pánẹ́bítà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀. Hilux tiwa ní tirẹ̀ síbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù mi, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà.